Ilé Ọtí Inú Àpótí Gíláàsì

Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, àbúrò mi kan tó ń gbé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, fi àwòrán ilé ọtí kan ránṣẹ́ sí mi. Ògiri rẹ̀ rí bí amọ̀ tí oòrùn ti sá gbẹ, káńtà rẹ̀ yí ká bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, iná pupa fẹ́ẹ́rẹ́ sì ń tàn lẹ́yìn àwọn ìgò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lórí fóònù á fẹ́ bèèrè iye tí wọ́n ń ta bíà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, láti ilẹ̀ dé òrùlé rẹ̀, kò ga tó apá ọmọ ọdún mẹ́ta. Ohun tó kọ sábẹ́ àwòrán náà ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ṣé kí n rà á?"

Mo bi í léèrè iye rẹ̀. Nígbà tó sọ ọ́, mo ní kó fi owó sápò ná, kó ní kí olùtajà fi rúlà wọn gíga káńtà yẹn fún un.

Ohun tó fẹ́ rà yìí, ilé ọtí Mos Eisley inú fíìmù Star Wars, làwọn tó ń kó ọmọlangidi fíìmù jọ ń pè ní dayorámà: ibi kan nínú fíìmù tí wọ́n sọ di kékeré, kí àwọn ọmọlangidi tó dúró fún àwọn òṣèré inú fíìmù náà lè rí ibi dúró sí. Orúkọ náà ti pẹ́ ju sinimá lọ. Lọ́dún 1822, ní ìlú Paris, Louis Daguerre àti Charles Bouton ṣí ilé kan tí wọ́n ti ń fi aṣọ ńlá tí wọ́n kun àwòrán sí han àwọn èèyàn. Wọ́n á máa dárí ìmọ́lẹ̀ síwá sẹ́yìn lára aṣọ náà títí ọ̀sán inú àwòrán á fi di alẹ́. Nígbà tó yá, àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí gba orúkọ náà lò. Carl Akeley ṣe tiẹ̀ ní Milwaukee lọ́dún 1890, ó fi àwọn ẹranko kéékèèké tó ń gbé inú àbàtà sínú koríko àti omi tó dà bíi tilé wọn gan-an. Gbọ̀ngàn àwọn ẹranko Áfíríkà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní New York, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 1936, ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ẹni tó bá dúró níwájú àwọn erin rẹ̀ á rí nǹkan kan: kò sẹ́ni tó ń kúrò níbẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ koríko. Erin ló ni ilé. Koríko, òkè àti òfuurufú tí wọ́n kùn sẹ́yìn wà níbẹ̀ kí erin lè dà bí ohun alààyè.

Ohun tí mo fi ń wọn gbogbo dayorámà nìyẹn. Bó ti wù kó lẹ́wà tó, tó bá dára nígbà tó ṣófo, tó wá di yẹpẹrẹ nígbà tí ọmọlangidi bọ́ sínú rẹ̀, kì í ṣe dayorámà, àwòrán ilé lásán ni. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ lọ rà á pé kó gbé ọmọlangidi rẹ̀ dání, bí ẹni tó ń gbé ìyàwó lọ wo ilé tí wọ́n fẹ́ háyà.

Lọ́dún 1977, ibi tí wọ́n fẹ́ to àwọn ọmọlangidi sí ló ṣáájú àwọn ọmọlangidi fúnra wọn dé. Fíìmù Star Wars jáde lóṣù karùn-ún ọdún náà, Kenner, ilé iṣẹ́ ohun ìṣeré tó wà ní Cincinnati, ló sì ní àṣẹ láti ṣe àwọn ọmọlangidi rẹ̀. Ṣùgbọ́n Kérésìmesì dé, ọmọlangidi kò tíì ṣe tán. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n ta àpòòwé fún àwọn òbí. Nínú rẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí wà, tí ọmọ á fi ránṣẹ́ gba ọmọlangidi mẹ́rin, Luke, Leia, Chewbacca àti R2-D2, nígbà tó bá di ọdún 1978. Páálí tí wọ́n ya àwòrán sí, tí ọmọ lè tò wọ́n sí iwájú rẹ̀, náà wà nínú àpòòwé yẹn. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà fi oṣù bíi mélòó kan wo ìtàgé tí kò sí òṣèré lórí rẹ̀. Mo sábà máa ń rántí wọn nígbà tí mo bá rí àwọn tó ń fi dayorámà òfìfo tajà.

Kenner yìí náà ló sọ íǹṣì 3.75 di ìwọ̀n tí gbogbo ayé mọ̀. Bí wọ́n bá ṣe àwọn ọmọlangidi náà ní íǹṣì 12 bíi G.I. Joe ti ọdún 1964, ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n máa wọ̀ kò ní gba ẹnu ọ̀nà ilé ẹnikẹ́ni kọjá. Lónìí, oríṣi mẹ́ta ló gba ọjà: ti íǹṣì 3.75, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá 1/18 ènìyàn gidi. Ti íǹṣì 6, tó jẹ́ 1/12, irú èyí tí Hasbro ń ṣe lábẹ́ orúkọ Black Series láti ọdún 2013. Àti ti 1/6, irú èyí tí Hot Toys ti Hong Kong fi di olókìkí. Ọkùnrin tó ga ní mítà 1.8 á di sẹ̀ǹtímítà 10 nínú àkọ́kọ́, á di 15 nínú ìkejì, á sì di 30 nínú ìkẹta. Olùtajà lè kọ ohunkóhun tó bá wù ú sára páálí. Ìṣirò kì í parọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kejì, àbúrò mi pè. "Ẹ̀gbọ́n, ó ní sẹ̀ǹtímítà 6.5 ni."

"Mélòó ni ọmọlangidi tìẹ ga?"

"Ti íǹṣì mẹ́fà ni gbogbo wọn."

"Fi 12 sọ 6.5 náà di púpọ̀."

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Méjìdínlọ́gọ́rin. Sẹ̀ǹtímítà 78."

"Ṣé o ti rí káńtà ilé ọtí tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 78 rí?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Káńtà tí èèyàn ń dúró mu ọtí nídìí rẹ̀ máa ń ga ju mítà kan lọ díẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ 78, tábìlì oúnjẹ ni. Bí Han Solo inú fíìmù náà bá dúró nídìí rẹ̀, á dà bíi bàbá tó wá ṣèpàdé òbí nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi 18 sọ 6.5 di púpọ̀, ó di 117, ó wọ̀ ọ́ bí ìbọ̀wọ́. Àwọn ọmọlangidi kékeré ni wọ́n ṣe ilé ọtí yẹn fún. Olùtajà ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó bá "gbogbo ìwọ̀n" mu. Ẹni tó bá ní bàtà kan bá gbogbo ẹsẹ̀ mu, ẹ yára mọ̀ pé bàtà náà ti wà nílẹ̀ fún un tipẹ́.

Kì í ṣe káńtà nìkan ni wọ́n ń wọ̀n. Àwọn ohun tí ọwọ́ àti ìdí èèyàn ń kàn lójoojúmọ́ ni ẹ máa kọ́kọ́ wò: àga, àtẹ̀gùn, ìdìmú ilẹ̀kùn, ife. Ojú wa ti mọ̀ wọ́n débi pé bí wọ́n bá fi díẹ̀ pọ̀ jù tàbí kéré jù, ara á fura kí ọpọlọ tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ògiri lè ga bó ti wù ú. Òkúta lè tóbi. Kò sẹ́ni tó ń bi òkúta ní ọjọ́ orí. Ilẹ̀kùn nìkan ni mo tún máa ń fi rúlà lé nínú irú ilé ọtí yìí, nítorí Chewbacca. Peter Mayhew tó wọ aṣọ onírun ṣe é nínú fíìmù ga ní mítà 2.21, ìyẹn á sì lé ní sẹ̀ǹtímítà 18 ní ìdá 1/12. Ilẹ̀kùn tó bá jẹ́ mítà méjì gédégbé á gbá a lórí.

Ní nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà, àbúrò mi rí òmíràn, èyí tí ẹnìkan fi ọwọ́ ṣe, tí káńtà rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 9. Ìyẹn wọ̀. A jọ lọ wò ó nílé ẹni tó ṣe é. Mo ní kó kó àwọn tó wà nínú ilé ọtí náà nínú fíìmù, Han, Greedo, Chewbacca àti Obi-Wan, sínú báàgì. Ó fi Finn kún wọn láìsọ fún mi.

Kí a tó lọ, mo ti dá fíìmù náà dúró níbi ilé ọtí Mos Eisley lẹ́ẹ̀mẹwàá, mo sì ti ya àwòrán ojú tẹlifíṣọ̀n. Ẹlẹ́rìí ni fíìmù jẹ́ nínú ẹjọ́ yìí, ó sì yẹ kí èèyàn mọ ẹni tó ń pè. Ìta ilé ọtí yẹn wà ní Ajim, ní erékùṣù Djerba ní Tùnísíà. Inú rẹ̀ wà ní stúdíò Elstree, nítòsí Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Nítorí náà ilé méjì ni ilé náà ní tòótọ́, ẹni tó bá fẹ́ fi ìta àti inú rẹ̀ sójú kan náà gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ rọ ibi tí méjèèjì ti pàdé. Mo máa ń wo oríkèé yẹn dáadáa, torí ibẹ̀ ni èèyàn ti ń mọ̀ bóyá ẹni tó ṣe é ronú àbí ó kàn ń da àwòrán kọ.

Ohun kejì tí mo lọ wò níbẹ̀ wà lẹ́yìn káńtà. Roger Christian, tó ṣètò àwọn ohun inú ilé fún fíìmù náà, kò lówó tó láti ṣe gbogbo nǹkan lákọ̀tun, ló bá lọ ra àlòkù ara bàálù. Àwọn ohun gígùn onírin tó dà bí ìgò ọtí lẹ́yìn ẹni tó ń ta ọtí, ara ẹ́ńjìnnì bàálù Rolls-Royce Derwent ni wọ́n ti yọ wọ́n. Nígbà tí wọ́n ń ṣe fíìmù kejì tó jáde lọ́dún 1980, wọ́n mú irú ohun kan náà, wọ́n fi ṣe orí róbọ́ọ̀tì IG-88. Ẹni tó bá ṣe ilé ọtí Mos Eisley tó wá to ìgò lásán sẹ́yìn káńtà kò wo fíìmù náà dé ìdí. Ọkùnrin tí a lọ bá to àwọn onírin yẹn sí i, ó sì kùn wọ́n bí irin tí iná ti rà. Mo mi orí, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó rí mi. Ìdúnàádúrà ṣì wà níwájú.

Níbi ọ̀rọ̀ jíjọ-fíìmù yìí, àṣìṣe kan wà tó ń mówó wọlé, ó sì máa ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láàmú. Lọ́dún 1978, Kenner ṣe ilé ọtí onípáálí kan tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà Sears nìkan. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọlangidi tó bá a wá ni Snaggletooth. Ìdajì òkè àwòrán ẹ̀dá náà ni wọ́n ní lọ́wọ́, ni wọ́n bá sọ ọ́ di ẹni gíga, wọ́n fi aṣọ búlúù àti bàtà fàdákà wọ̀ ọ́. Àṣé ẹni kúkúrú ni, aṣọ pupa ló sì wọ̀. Wọ́n ṣe àtúnṣe, èyí tó wọ búlúù sì di ohun tí àwọn olùkójọ ń wá káàkiri títí dòní. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìyẹn tan yín. Àṣìṣe ilé iṣẹ́ tó ti lé ní ogójì ọdún lè di wúrà. Àṣìṣe ẹni tó ṣe dayorámà lóṣù tó kọjá, àṣìṣe lásán ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé ilé ọtí onípáálí ti ayé ọjọ́un wá fún yín, awò tó ń mú nǹkan tóbi ni kẹ́ ẹ gbé sójú. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ilé iṣẹ́ ìgbà yẹn máa ń fi àwọn ẹ̀kán aláwọ̀ mẹ́rin ṣe àwòrán, wọ́n á tò yípo bí òdòdó kéékèèké. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ orí tábìlì tẹ̀ nílé, ńṣe ni ẹ̀kán rẹ̀ á fọ́n ká bí ẹni tó fọ́n ọ̀dà. Ìyàtọ̀ náà hàn kedere fún ẹni tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan.

Ká padà sílé ọkùnrin náà. Ìdọ̀tí ló kàn. George Lucas fẹ́ kí ayé fíìmù rẹ̀ dà bí ibi tí wọ́n ti lò gbó, nítorí náà dayorámà Star Wars tó mọ́ tónítóní kò jóòótọ́. Àwọn tó ń ṣe é mọ èyí, wọ́n sì ń ki àṣejù bọ̀ ọ́: wọ́n á po ọ̀dà dúdú mọ́ omi, wọ́n á dà á sórí gbogbo rẹ̀, wọ́n á nù ún. Ìdọ̀tí á wá wà níbi gbogbo lọ́gbọọgba. Ta ló ti rí ìdọ̀tí tó mọ ìdọ́gba? Ní ilé ọtí gidi, ibi tí ìgbọ̀nwọ́ ń kàn ló máa ń dán, abẹ́ rẹ̀ ló máa ń dúdú. Ẹsẹ̀ á ti jẹ àárín ẹnu ọ̀nà, iyanrìn á ti kóra jọ sí kọ̀rọ̀ tí ìgbálẹ̀ kò dé. Ńṣe ni mo máa ń nawọ́ sí àbàwọ́n kọ̀ọ̀kan, tí mo máa ń bi í nínú ọkàn mi pé, "Ta ló dọ́tí ẹ?" Bí kò bá rí ìdáhùn, ọ̀dà lásán ni. Ìdajì àwọn àbàwọ́n ilé ọtí yìí ló dáhùn. Ti òrùlé kò rí nǹkan kan sọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo kúnlẹ̀. Àbúrò mi rò pé mo fẹ́ gbàdúrà. Kò sẹ́ni tó ń wo ènìyàn láti òkè bí àwòdì, ìdí sì nìyẹn tí ojú ẹni tó ń wò fi gbọ́dọ̀ wà ní ibi tí ojú ọmọlangidi wà. Láti ibẹ̀ ni àṣírí ti ń tú: etí ògiri tó parí lójijì, ààlà tó wà láàárín ilẹ̀ àti àwòrán ẹ̀yìn. A to àwọn ọmọlangidi náà, Han àti Greedo jókòó kọjú síra wọn nídìí tábìlì. Níbẹ̀ ni mo ti rí àbùkù ńlá kan. Wọ́n ya ọ̀nà àbáwọlé sí ògiri ẹ̀yìn bíi pé ó jìnnà réré, ṣùgbọ́n nígbà tí iná tàn, òjìji Chewbacca ṣubú lu ọ̀nà náà. Bí òjìji ènìyàn bá ṣubú lu ohun tó yẹ kó wà ní ogún mítà sí i, irọ́ ti tú. Nígbà tí ilé náà ṣófo, kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Bí wọ́n bá sún iná náà sẹ́yìn díẹ̀, sókè orí àwọn ọmọlangidi, tí wọ́n sì dín in kù, òjìji náà á bọ́ sílẹ̀. Ó ṣe tán, inú ilé ọtí yẹn ṣókùnkùn nínú fíìmù. Àwọn tó ń wọlé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti inú oòrùn aṣálẹ̀ bọ̀ ni.

Nígbà tó dọ̀rọ̀ iná, mo ní kí ọkùnrin náà yí i padà kí n rí ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn gílóòbù LED kéékèèké ló lò, wáyà wọn sì gba ihò kan jáde sí ojú USB. Ìyẹn dáa. Bátìrì tí wọ́n bá há mọ́ inú ògiri máa ń jò lẹ́yìn ọdún mélòó kan, á sì ba gbogbo nǹkan jẹ́. Mo bi í pé bí gílóòbù kan bá kú ńkọ́? Ó fa pákó kan yọ lẹ́yìn, ó fi hàn mí. Ẹni tó ti ronú ọjọ́ tí nǹkan máa bàjẹ́, èèyàn lè bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ dòwò pọ̀.

Ohun tí wọ́n fi ṣe é kò gba ariwo púpọ̀, àyàfi níbì kan tó ti ná mi lówó rí. Ike tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ọmọlangidi ní èròjà kan nínú tó ń jẹ́ kó rọ̀. Èròjà náà kì í jókòó sójú kan. Bí ọmọlangidi bá dúró pẹ́ lórí fómù funfun, irú èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n mọ́ inú páálí, èròjà náà á wọ inú fómù, á yọ́ ọ, àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọlangidi á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Bí mo ṣe pàdánù ẹsẹ̀ Stormtrooper mi kan nìyẹn, ọwọ́ ara mi ni mo fi gé fómù ọ̀hún. Ẹ bèèrè ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà ilẹ̀. Bó bá jẹ́ fómù, ó gbọ́dọ̀ ní ìpele mìíràn tó nípọn lórí. Àwọn tí wọ́n sì fi ike PLA tẹ̀ jáde nínú ẹ̀rọ, ẹ má ṣe gbé wọn sójú fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé tàbí sínú ọkọ̀ tí wọ́n páàkì sóòrùn. Tí ooru bá ti ń sún mọ́ 60 lórí ìwọ̀n Celsius, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀.

Ibi tí wọ́n máa gbé e sí ńkọ́? Àbúrò mi ní àpótí gíláàsì Detolf, èyí tí IKEA tà fún ọ̀pọ̀ ọdún tí àwọn olùkójọ fi sọ ọ́ di aṣọ ẹgbẹ́. Ìta rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 43 ní ìbú àti 37 ní jíjìn. Inú rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Dayorámà náà jẹ́ 36 ní ìbú, ó wọlé. Mo tún bi í pé pẹpẹ wo ló fẹ́ gbé e sí. Tó bá jẹ́ ti ìsàlẹ̀, ilẹ̀ ilé ọtí náà ni ojú á máa rí jù. Tó bá jẹ́ ti òkè pátápátá, abẹ́ òrùlé ni, òrùlé tí àbàwọ́n rẹ̀ kò rí ìdáhùn yẹn. Ó yan ìpele àyà.

Owó ló kù. Ohun tí ilé iṣẹ́ ńlá ṣe máa ń ní ìtàn tí èèyàn lè fi dúnàádúrà. Nígbà tí Hasbro fẹ́ ṣe ọkọ̀ ìgbafẹ́ Jabba inú Star Wars lọ́dún 2018, dọ́là 500 ni wọ́n dá lé e, wọ́n ní àyàfi tí 5,000 ènìyàn bá sanwó ṣáájú. Àwọn 8,810 ló sanwó. Ẹni tó bá fẹ́ tà á lónìí mọ iye tó wà láyé. Dayorámà àfọwọ́ṣe kò ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni, ìyẹn kò sì sọ ọ́ di ọ̀wọ́n: ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ yín lọ́la gbọ́dọ̀ fẹ́ràn ibi kan náà, ní ìwọ̀n kan náà, kó sì ní àyè kan náà nílé. Nítorí náà, iye tí mo bá lè gbàgbé pé mo san ni mo máa ń san. A yọ owó iṣẹ́ òrùlé àti ti iná kúrò nínú ohun tó pè é, ọkùnrin náà sì ṣàlàyé pé òun á sún iná náà fúnra òun. Ó sún un lójú wa. Òjìji Chewbacca bọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí a ń kó àwọn ọmọlangidi padà sínú báàgì ni Finn yọ jáde, òun àti jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ilẹ̀ rẹ̀. John Boyega tó ṣe Finn nínú fíìmù Star Wars ti ọdún 2015, ọmọ Peckham ni, ọmọ àwọn òbí tó wá láti Nàìjíríà. Ìdí tí àbúrò mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọlangidi jọ nìyẹn, kò sì fẹ́ gbọ́ pé Finn kò lẹ́sẹ̀ nínú ilé ọtí Mos Eisley. Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ Han.

Mo ní, "Finn kò débẹ̀ rí. Ilé ọtí Maz Kanata ni òun dé."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n máa ń gba ìwé àṣẹ kí wọ́n tó jẹ́ kéèyàn mu ọtí ni?"

A jọ wò ó. Iná pupa inú ilé ọtí náà sọ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ di dúdú, ojú rẹ̀ náà sì wọnú òkùnkùn. Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló yọ ọ́ kúrò. Nígbà tí mo dé ilé rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, Han àti Greedo wà nídìí tábìlì wọn ní ìpele àyà. Finn dá dúró lórí pẹpẹ tó wà lókè wọn, ìmọ́lẹ̀ funfun ń tàn sí i lójú. Rúlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti bébà kan tí wọ́n kọ gíga káńtà Maz sí.